Abẹ́rẹ́ ajá lẹ ń ṣahun sí, ẹ̀mí ọmọ yín lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́

Bí èèyàn bá ti Òkìtìpupa wọ Àyèká láàárọ̀ kùtù, ajá ni yóò kọ́kọ́ kí i kó tó rí onílé. Ajá ọdẹ ń bẹ níbẹ̀, ajá tó ń ṣọ́ ilé ń bẹ níbẹ̀, èyí tí kò sẹ́ni tó mọ olówó ẹ̀ náà ń bẹ, tó ń wá èérún púpurú jẹ kiri ààtàn. Ológbò náà ò gbẹ́yìn, torí eku ò jẹ́ kí àgbẹ̀ gbádùn. Kò sóhun tó burú nínú gbogbo ẹ̀. Àwa tá a wà nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ò kórìíra ajá. Ọdẹ tó fẹ́ pa ọ̀yà, ajá ló máa bá a lé e. Àgbẹ̀ tó sùn sóko, ajá ló máa gbó fún un bí àjèjì bá dé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá: ìgbà wo ni ajá yín gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn? Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Èmi gan-an tí mo ni ajá, ìgbà wo ni mo gba abẹ́rẹ́?" Kí olúwa ẹ̀ rẹ́rìn-ín tán, kó wá fara balẹ̀ ka èyí tó kù.

Àwọn baba wa mọ àrùn tí mò ń sọ, orúkọ tó bá ìwà ẹ̀ mu ni wọ́n sì sọ ọ́: dìgbòlugi, ajá tó ń sá kiri tó ń fara lu igi bíi pé kò ríran mọ́. Wọ́n mọ̀ pé irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá gé jẹ lè bá a lọ. Ohun tí wọn ò mọ̀ láyé ìgbà yẹn ni pé kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, inú itọ́ ajá ló sì máa ń wà. Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, kòkòrò náà á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, á máa bá iṣan rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Ó lè lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Nígbà mìíì kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nígbà mìíì ẹ̀wẹ̀ ó lè tó ọdún kan gbáko.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fi rántí ajá rárá nígbà tí wàhálà bá dé. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, wọ́n ti gbàgbé, àfi bí ibà ṣe bẹ̀rẹ̀, tí ibi tí ajá ti gé ọmọ jẹ lọ́jọ́sí tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún un tàbí tó ń ta á. Tó bá rí omi nínú kọ́ọ̀bù, á máa gbọ̀n, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ á há. Atẹ́gùn lásán bá fẹ́ sí i lójú, á kígbe. Wọ́n á ní ayé ló fẹ́ pa á, wọ́n á máa gbé e kiri ilé wòlíì àti ilé oníṣègùn. Bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀ yẹn, kò sí dókítà òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀ tó ní oògùn ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ti yè é káàkiri ayé kéré débi pé ìròyìn ni wọ́n máa ń dà.

Àjọ ìlera àgbáyé, ìyẹn WHO, ṣírò ẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún sì ti ń kú. Nínú èèyàn 100 tó bá kó o, 99 ló jẹ́ pé ara ajá ló ti wá. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń bá a lọ ló jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ìyẹn ò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọmọdé ló ń bá ajá ṣeré, òun ló ń fa ìrù ẹ̀ nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́, òun náà ló sì máa ń fi ọgbẹ́ pamọ́ fún ìyá ẹ̀ kí wọ́n má baà nà án.

Èyí tí kì í sáré ló burú jù

Ohun tí gbogbo wa ń retí ni ajá tó ń ho itọ́ lẹ́nu, tó ń lé èèyàn kiri títì. Èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn rọrùn láti mọ̀, gbogbo àdúgbò á ti sá wọlé. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni ajá tó ṣàdédé dákẹ́. Á lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná tàbí sábẹ́ àga, kò ní í jẹun, ohùn ẹ̀ á yí padà, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ á já wálẹ̀, itọ́ á máa kán. Nígbà tí onílé bá rí i bẹ́ẹ̀, àánú á ṣe é. Á ní, "Egungun ló há a lọ́fun." Á ya ẹnu ajá, á ki ọwọ́ bọ ọ́, á máa wá egungun tí kò sí níbẹ̀.

Ajá ò gé ẹnikẹ́ni jẹ lọ́jọ́ náà o. Àmọ́ itọ́ ti kan ọwọ́ tí àdá ti bù, tí ẹ̀gún ti ha, tí èékánná ti ya. Ta sì ni àgbẹ̀ tàbí ọdẹ ní gbogbo Ìkálẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ kì í lọ́gbẹ́? Bí ajá tàbí ológbò yín bá ń ṣe bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ẹ má ki ọwọ́ bọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, kẹ́ ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá dókítà ẹranko kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ajá pẹ̀lú. Kì í ṣe àṣírí pé àwọn kan ń jẹ ẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn mìíì sì ń fi bọ Ògún. Mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ tàbí lórí ẹ̀sìn. Àmọ́ ẹni tó ń pa á, tó ń la orí ẹ̀, ló wà nínú ewu ju ẹni tó jẹ ẹ́ lọ. Iná á ti pa kòkòrò náà kí ọbẹ̀ tó jinná, ṣùgbọ́n iná ò tíì kàn án nígbà tí ọ̀bẹ ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ alápatà. Ajá tí ara ẹ̀ ò yá, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá ti gé èèyàn jẹ ńkọ́?

Ọṣẹ àti omi ni oògùn àkọ́kọ́, kò sì sí ilé tí kò ní méjèèjì. Ẹ máa da omi sí ojú ọgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, pàápàá tí ọmọ bá ń ké. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi spirit tàbí iodine sí i. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má sì jó irun ajá náà kẹ́ ẹ fi ẹ̀tù ẹ̀ dí ojú ọgbẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan gbà gbọ́ nínú irun ajá yẹn, ọ̀rọ̀ àgbà sì níyì, àmọ́ kò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ìjọba l'Ókìtìpupa ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ajá ń gé jẹ, tí wọ́n á lọ sílé oníkẹ́míìsì, wọ́n á gba abẹ́rẹ́ kan, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Abẹ́rẹ́ TT ni wọ́n gbà, ìyẹn ti ipá. Ó dára kéèyàn gbà á, àmọ́ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú dìgbòlugi. Ẹ fi ẹnu ara yín bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lẹ fẹ́ gún fún un yìí?" Tí wọn ò bá ní i níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti ní i. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sábà máa ń gún un: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje, kó tún tó kan ọ̀sẹ̀ kejì sókè. Bí ọgbẹ́ bá jinlẹ̀ tàbí tó jẹ́ pé ojú tàbí orí ni, wọ́n tún máa ń gún òmíràn sí ojú ọgbẹ́ fúnra ẹ̀, ìyẹn sì wọ́n gan-an, ó tún ṣòro rí. Ẹni tó bá gba gbogbo ẹ̀ pé lásìkò, kò ní í kú. Ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti kọ́kọ́ lo irú abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá gé jẹ, ọmọ náà sì dàgbà.

Ajá tó gé èèyàn jẹ ńkọ́? Ẹ má pa á, tó bá ṣeé mú láìfara pa. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá lo ọjọ́ mẹ́wàá láìsí nǹkan tó ṣe é, a jẹ́ pé kò sí kòkòrò náà nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ. Tó bá kú ṣáájú ìgbà náà, dókítà ẹranko ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi orí ẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Àmọ́ ẹ má dúró de ọjọ́ kẹwàá kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn o. Abẹ́rẹ́ á máa lọ, ajá á máa wà lórí ìso.

Ilé ìtọ́jú ẹranko kì í ṣe ti màlúù nìkan

Ẹ wo owó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn: abẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, owó mọ́tò lọ bọ̀ ní gbogbo ìgbà náà, ọjọ́ oko tó ṣòfò, oorun tí òbí ò rí sùn. Ní ìdàkejì, abẹ́rẹ́ kan lọ́dún fún ajá. Dókítà ẹranko ló ń gún un. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àwọn tó ní màlúù àti àwọn tó ń sin adìyẹ rẹpẹtẹ nìkan ni dókítà ẹranko wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti ọdún 1924, ló ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ajá lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ lọ́jà kì í ṣe dókítà ẹranko o, bó ti wù kó mọ abẹ́rẹ́ gún tó. Àjọ kan wà tó ń fún àwọn dókítà ẹranko níwèé àṣẹ, Veterinary Council of Nigeria ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè ní kí dókítà fi ìwé tiẹ̀ hàn yín, kò sí ìwọ̀sí ńbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá mú ajá débẹ̀, dókítà ò ní í sáré gún un lábẹ́rẹ́. Á bi yín pé oṣù mélòó ni, kí ló ń jẹ, ìgbà wo ló gba oògùn aràn kẹ́yìn. Á wo inú ètè ẹ̀ bóyá ó funfun, torí ajá tí eégbọn ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán, inú ètè ẹ̀ kì í pupa mọ́. Ajá tí ara ẹ̀ ò dá, á kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀ ná.

Ọmọ ajá tí ikùn ẹ̀ yọ roboto, tẹ́ ẹ ń sọ pé ó ń sanra, aràn ló kún inú ẹ̀. Inú ìyá ẹ̀ ló ti kó o kí wọ́n tó bí i. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ti bí i ló ti yẹ kó máa lo oògùn aràn, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí á fi tó bí oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe torí ajá nìkan la ṣe ń sọ ọ́. Ibi tí ajá bá yàgbẹ́ sí láàárín ọgbà ni àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ ṣeré, ọwọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sì fi ń jẹ gúgúrú.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àrùn parvo. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má mọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ọmọ ajá tára ẹ̀ le lánàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀, tó ń rùn burúkú, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti kú. Ohun tí onílé máa ń sọ ni pé wọ́n ti fún ajá òun ní májèlé jẹ. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún, wo òsì, á rántí aládùúgbò tí wọ́n jọ jà lórí ààlà ilẹ̀. Àwọn èèyàn kan ò kí ara wọn mọ́ dòní lórí ajá tó jẹ́ pé parvo ló pa á. Ọdún 1978 ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde káàkiri ayé, nítorí náà àwọn baba wa ò bá a láyé, wọn ò sì fún un lórúkọ.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní tiẹ̀, tí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta ni. Á tún gba òmíràn tí ọdún bá yí, bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọọdún. Ológbò náà ń gbà á, torí ológbò lè ní dìgbòlugi, ó sì lè gé èèyàn jẹ. Dókítà á fún yín ní káàdì. Ibi tẹ́ ẹ ń tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn ọmọ yín sí ni kẹ́ ẹ tọ́jú ìyẹn sí.

Níwọ̀n ìgbà tá a ti ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú nínú ilé, ẹ jẹ́ kí n fi mẹ́ta kan kún un. Oògùn tí wọ́n ń fín kòkó kì í ṣe oògùn eégbọn. Ajá tẹ́ ẹ fi wẹ̀ á fi ahọ́n lá ara ẹ̀, á kú. Ọ́ìlì tí wọ́n dà sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, táwọn kan fi ń pa ajá tí irun ẹ̀ ń re, kò yàtọ̀ sí i. Panadol tẹ́ ẹ̀ ń lò sí orí fífọ́, ẹyọ kan péré lè pa ológbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sá kòkó, ẹ má jẹ́ kí ajá jẹ ẹ́, àtèso àtèèpo, torí ohun kan wà nínú kòkó tí ara ajá ò lè lọ̀.

Bí Àyèká ṣe lè ṣe é

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé dókítà ò sí nítòsí, tó bá sì wà, kì í ní abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbé, kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín, gbogbo wa la sì mọ iye ọdún tí àwọn ìlú agbègbè Òkìtìpupa fi wà nínú òkùnkùn láìrí iná NEPA. Dókítà tó bá fi jẹnẹrétọ̀ gbé fíríìjì, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí bẹntiróòlù ń jẹ.

Àmọ́ ìdí mìíràn wà tí a kì í sọ. Ọ̀pọ̀ ìgò abẹ́rẹ́ yìí ló jẹ́ pé ajá mẹ́wàá ni ìgò kan ń gbà. Tí wọ́n bá ti ṣí i, kò ṣeé gbé pamọ́ di ọ̀la. Bí ẹ bá dá lọ pẹ̀lú ajá kan ṣoṣo, ṣé kí dókítà ṣí ìgò fún ajá kan, kó da ti mẹ́sàn-án nù ni? Àfi kó ní kẹ́ ẹ padà wá, tàbí kó gba owó tó pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí ẹni mẹ́wàá ní àdúgbò kan bá dá owó jọ, tí wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà, ajá mẹ́wàá ló ń dúró dè yín lọ́jọ́ Sátidé," òun fúnra ẹ̀ á gbé kúlà ẹ̀ sórí ọ̀kadà, á wá bá yín ní Àyèká. Olórí àwọn ọdẹ lè pe àwọn èèyàn ẹ̀. Ìyálọ́jà lè kéde ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lè kà á mọ́ ìfilọ̀, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Kì í ṣe àlá ni mò ń lá. Ní N'Djamena, olú-ìlú Chad tó múlé gbè wá, wọ́n gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2012 àti 2013, ó sì ju 70 lọ nínú ajá 100 tí wọ́n gún nígbà méjèèjì. Fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún 2014, dìgbòlugi dáwọ́ dúró láàárín ìlú náà. Ó padà wá nígbà tó yá, torí ajá tí wọ́n kó wọ̀lú láti ibòmíràn ló tún gbé e dé. Ìyẹn fi hàn pé a ò lè gún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a fẹ̀yìn tì. Ajá 70 nínú 100 yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ ní kí ìlú èyíkéyìí gbìyànjú láti dé. Tó bá dé ibẹ̀, àrùn náà kì í rí ajá tó pọ̀ tó láti máa tàn ká.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 28 September, ni gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi láti ọdún 2007, ọjọ́ tí Pasteur kú ni. Àsìkò náà ni àwọn dókítà ẹranko kan àti àwọn ìjọba kan máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ní káńsù Òkìtìpupa kí oṣù náà tó wọlé, kì í ṣe lọ́jọ́ tó bá pé.

Tẹ́ ẹ bá ń mú ajá lọ, ẹ so okùn tó yi mọ́ ọn lọ́rùn, kì í ṣe wáyà. Èyí tó bá rorò, ẹ fi aṣọ kékeré di ẹnu ẹ̀ kó tó rí àwọn ajá yòókù, àmọ́ ẹ má dì í pẹ́ nínú oòrùn, torí ẹnu ni ajá fi ń tu ara ẹ̀. Ológbò ń fẹ́ apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí tàbí àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kí àgbàlagbà tí ajá náà mọ̀ dáadáa ló mú un dání, kí àwọn ọmọdé dúró sílé.